Ìyàngbò ìrẹsì kì í ṣe ìdọ̀tí: bí sílíkọ́nì ṣe ń ran ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ nínú ilẹ̀ oníyọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa, gbogbo yín lẹ mọ ewé ìpín. Òun ni àwọn agbẹ́gi àti àwọn tó ń fín igbá fi ń ha igi àti igbá títí yóò fi dán. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa ewé náà, ẹ óò mọ̀ pé ó le, ó sì ń ha ni lára. Ẹ tún rántí ewé ìrẹsì àti ewé ìrèké. Ẹni tó bá wọ àárín wọn láìwọ ẹ̀wù alápá gígùn yóò jáde pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ lára. Kí ló wà nínú ewé wọ̀nyí tí wọ́n fi ń gé ni bí ọ̀bẹ?

Ohun tó wà níbẹ̀ bá yanrìn tan. Gbòǹgbò ń mu ún láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú omi, ó ń gòkè dé ewé, ó sì ń le síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni sílíkọ́nì. Ẹ jẹ́ kí a pín in kà: sí-lí-kọ́-nì.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò wo bí sílíkọ́nì ṣe ń ran ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ nígbà tí iyọ̀ bá wà nínú ilẹ̀. A óò tún wo ibi tí a ti lè rí i ní agbègbè Tchaourou. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, a sì ń dá iná sun ún.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe fún ohun ọ̀gbìn?

Bí ìyá kan bá ra ẹja tútù, tí kò sì fẹ́ kí ó bàjẹ́, yóò fi iyọ̀ pa á lára. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, omi yóò máa kán láti ara ẹja náà. Ta ló fa omi náà jáde? Iyọ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ ṣe ń ṣe nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò fẹ́ mu omi, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti di omi náà mú. Ilẹ̀ tutù, síbẹ̀ òǹgbẹ ń gbẹ ohun ọ̀gbìn. Ẹ óò rí i pé ewé rẹ̀ rọ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ yẹn náà lẹ bomi rin ín. Bí ẹ bá tún bu omi sí i, tí omi náà sì ní iyọ̀, ẹ kò tíì ṣe é lóore.

Ìpalára kejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ yóò wọ inú gbòǹgbò, yóò sì bá omi gòkè dé ewé. Nígbà tí oòrùn bá ràn, omi yóò fi ojú ewé jáde, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lè jáde. Yóò máa kó jọ síbẹ̀. Ewé tó dàgbà jù ló máa ń kọ́kọ́ rí ìyọnu náà: etí rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n bí ẹni pé iná rà á. Lẹ́yìn náà ewé á já bọ́. Ọ̀gbìn tí kò ní ewé kò lè sè oúnjẹ fún èso rẹ̀, èso á sì kéré.

Ṣé ilẹ̀ Tchaourou ní iyọ̀?

Nínú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, etí òkun ni ilẹ̀ oníyọ̀ pọ̀ sí. Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah, àwọn obìnrin ti ń ṣe iyọ̀ láti ìgbà àwọn ìyá-ńlá wọn. Wọ́n á ha ilẹ̀ tí iyọ̀ ti funfun sí lójú, wọ́n á da omi sí i nínú agbọ̀n, omi iyọ̀ á ro sísàlẹ̀, wọ́n á sì gbé e kaná títí yóò fi di iyọ̀. Ilẹ̀ tí a ti lè sè iyọ̀ jáde, ẹ ro ó wò bóyá gbọ̀mà yóò fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ní Grand-Popo, ní Sèmè-Podji àti ní ẹ̀gbẹ́ Kútọnu, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbin ẹ̀fọ́ lórí yanrìn etí òkun, wọ́n sì ń fi omi kànga rin ín. Nítorí ìyọnu wọn ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Abomey-Calavi ṣe ń fi tẹ̀tẹ̀, tòmátì, ata àti gbọ̀mà dán omi iyọ̀ wò, láti mọ irúgbìn tó lè fara dà á.

Odò Ouémé tó ń kọjá ní Bétérou, nínú kọ́múnù Tchaourou tiwa yìí, ń ṣàn lọ títí dé àgbègbè Adágún Nokoué. Nígbà òjò, omi odò náà ń kún adágún, omi ibẹ̀ á sì dùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò á fà, omi òkun á gba ojú ọ̀nà omi Kútọnu wọlé, adágún á sì di oníyọ̀. Àwọn tó ń dáko lẹ́bàá rẹ̀ mọ ìgbà méjèèjì dáadáa.

Ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Tchaourou jìnnà sí òkun ju 250 kìlómítà lọ. Òjò ń rọ̀ fún wa láti oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, ó sì ń fọ ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé iyọ̀ ti ba gbogbo oko iṣu yín jẹ́, tó sì gbé oògùn dání láti tà fún yín, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ má fún un lówó.

Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà, kékeré ni wọ́n, tí iyọ̀ ti lè bá wa jà.

Ibi kìíní ni oko ẹ̀fọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àbàtà àti lẹ́bàá kànga. Omi kànga kì í ṣe omi òjò. Ó ti gba inú ilẹ̀ àti àpáta kọjá, ó sì ti kó iyọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ mọ́ra. Ẹ wo ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi nígbà gbogbo, ẹ óò rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lórí ebè. Lójoojúmọ́ a ń da omi sí i, oòrùn ń fa omi lọ, ohun tó wà nínú omi ń ṣẹ́kù. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, garawa mélòó lẹ ń dà sórí ebè kan? Bí òjò bá dé, tí omi sì rí ọ̀nà ṣàn jáde, yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde, iyọ̀ ọdún yìí yóò dúró de ti ọdún tó ń bọ̀.

Ibi kejì ni ìdí ọ̀gbìn tí a da ajílẹ̀ òyìnbó sí. Ọ̀rọ̀ yìí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ajílẹ̀ òyìnbó jẹ́ oríṣi iyọ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá yọ́ nínú omi, ó ń fa omi bí iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe ń fà á. Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ òwú sí ìdí tòmátì yóò rí i ní ọjọ́ kejì pé ó ti rọ. A máa ń sọ pé, «ajílẹ̀ ti jó o.» Òótọ́ ni a sọ. Iyọ̀ ló jó o. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó la fi ra ajílẹ̀ náà.

Eérú ìdáná náà ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi eérú máa ń ta ọwọ́. Iyọ̀ inú igi ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba eérú dára fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n òkìtì eérú ní ìdí ata kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tútù náà ní iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ jẹrà kí ẹ tó kó o dé ìdí ọ̀gbìn.

Ta ni sílíkọ́nì?

Bí a bá wọn èèpo ayé tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí, nínú gbogbo 100 kìlò, nǹkan bí 28 kìlò ni sílíkọ́nì. Òun àti atẹ́gùn tí a ń mí ló para pọ̀ di yanrìn. Òun ni wọ́n ń yọ́ ṣe dígí. Ó wà nínú amọ̀ tí a fi ń mọ ìkòkò.

Ẹnìkan lè béèrè pé, «Bí ó bá jẹ́ pé yanrìn ni, ṣé kí n ru yanrìn lọ sí oko ni?» Rárá o. Sílíkọ́nì inú yanrìn ti le jù. Ó dà bí òkúta ààrò: bó ti wù kí ìkòkò pẹ́ lórí rẹ̀ tó, òkúta kì í yọ́ sínú ọbẹ̀. Ohun tí gbòǹgbò lè mu ni sílíkọ́nì tó ti yọ́ sínú omi, ìyẹn kò sì pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ wa ti gbó. Òjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti fọ èyí tó rọrùn láti yọ́ lọ, ó ṣẹ́ku yanrìn àti òkúta pupa. Àwa náà sì ń kórè ní ọdọọdún, a ń kó ìyókù lọ, a kì í dá nǹkan kan padà.

Àwọn ará Japan mọ èyí tipẹ́. Ìrẹsì ni oúnjẹ wọn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń gbìn ín sí láti ìran dé ìran. Ní 1955, ìjọba wọn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ta sílíkọ́nì fún àgbẹ̀ ìrẹsì gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Inú ìdàrọ́ irin ni wọ́n ti ń rí i. Àwa kò ní ilé iṣẹ́ irin ní Tchaourou, ṣùgbọ́n a óò rí i láìpẹ́ pé a ní ohun mìíràn.

Báwo ló ṣe ń dí iyọ̀ lọ́nà?

Ìrẹsì fẹ́ràn sílíkọ́nì débi pé gbòǹgbò rẹ̀ ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún un. Jian Feng Ma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Okayama ní Japan rí ilẹ̀kùn yìí, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2006. Wọ́n wo ìrẹsì kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Kòkòrò àti àrùn bá a jà ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìkórè rẹ̀ sì dínkù.

Ní ti iyọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ọgbà oko ṣe àpẹẹrẹ. Nínú gbòǹgbò ni ògiri kékeré wà, a kò lè fi ojú lásán rí i. Ògiri náà ló ń yan ohun tí yóò wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ògiri ti ya. Omi oníyọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bí ewúrẹ́ ṣe ń gba ojú ọgbà tó ya wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Sílíkọ́nì a máa le mọ́ ojú ibi tó ya náà, á sì dí i. Omi ṣì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ń yọ́ wọlé á dínkù.

Kì í ṣe ìtàn la ń sọ. Ní 1986, T. Matoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi sílíkọ́nì fún ìrẹsì tó wà nínú omi iyọ̀, ó sì dàgbà ju èyí tí wọn kò fún lọ. Ní 1999, A. R. Yeo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba wọn iyọ̀ inú ewé ìrẹsì. Èyí tó rí sílíkọ́nì mu ní iyọ̀ díẹ̀ nínú ewé. Wọ́n sì rí i pé ojú ibi tó ya nínú gbòǹgbò ni ó ti dí.

Sílíkọ́nì tó gòkè dé ewé náà kò jókòó lásán. Ó ń tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ awọ ewé bí dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ewé á nà ṣánṣán, oòrùn á kàn án dáadáa, omi tó ń jáde lára rẹ̀ á sì dínkù. Ẹ rántí pé omi ló ń gbé iyọ̀ gòkè. Bí ọ̀gbìn bá ń lo omi díẹ̀, iyọ̀ tó ń dé ewé náà á kéré. Eyín kòkòrò tó ń jẹ igi ìrẹsì kì í fẹ́ràn ewé líle bẹ́ẹ̀. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí pàápàá, ìwádìí tí M. D. Winslow tẹ̀ jáde ní 1992 fi hàn pé sílíkọ́nì dín àrùn kù lára ìrẹsì tí a gbìn sí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì jẹ́ kí ìkórè pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tí oko rẹ̀ kò ní iyọ̀ rárá kò ka ẹ̀kọ́ yìí lásán.

Ọ̀gbìn kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì o. Ìrẹsì, ọkà bàbà, ọkà jéró, àgbàdo àti ìrèké ń mu sílíkọ́nì púpọ̀. Nínú 100 kìlò igi àti ewé ìrẹsì gbígbẹ, ó lè tó 10 kìlò. Tòmátì, ẹ̀wà àti ẹ̀pà kì í mu tó bẹ́ẹ̀, ti tòmátì kì í tó ìdajì kìlò nínú 100. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà wúlò. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Spain tẹ ìwádìí jáde lórí tòmátì tí wọ́n fi omi iyọ̀ rin. Èyí tí wọ́n fún ní sílíkọ́nì pa omi mọ́ lára ju èkejì lọ, ó sì dàgbà jù ú lọ.

Níbo la ti lè rí i?

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ náà. Òkìtì kan wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ káàkiri, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, nígbà tó bá pọ̀ jù wọ́n á ti iná bọ̀ ọ́. Ìyàngbò ìrẹsì ni. Òun ni ilé iṣẹ́ sílíkọ́nì tiwa.

Ẹ mú ìwé àti bíírò, kí a ṣe ìṣirò. Nínú 100 kìlò ìrẹsì tí a kò tíì bó, nǹkan bí 20 kìlò ni ìyàngbò. Bí a bá sun 20 kìlò ìyàngbò di eérú pátápátá, nǹkan bí 4 kìlò eérú ni yóò kù. Nínú 4 kìlò eérú yẹn, ó lé ní 3 kìlò tó jẹ́ sílíkọ́nì tó ti le bíi dígí. Wàyí o, ká ní ẹ̀rọ kan bó àpò ìrẹsì 50, tí àpò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 80 kìlò. Kìlò ìrẹsì mélòó ni? Ó jẹ́ 4000. Ìyàngbò yóò tó nǹkan bí 800 kìlò. Ohun tó bá yanrìn tan nínú rẹ̀ yóò lé ní 120 kìlò. Ẹ wo ohun tí à ń sun!

Ẹ kíyè sí i pé eérú ìyàngbò kò rí bí eérú igi. Iyọ̀ pọ̀ nínú eérú igi, ìyẹn ni a fi ń ṣe ọṣẹ. Sílíkọ́nì ló pọ̀ jù nínú eérú ìyàngbò. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Pòròpórò ọkà bàbà àti igi ìrẹsì náà ní in. Mo mọ̀ pé a ń fi pòròpórò ṣe ọgbà, a ń fi dáná, àwọn màlúù Fúlàní sì ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìkórè. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ má dá iná sun. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ebè. Yóò bo ilẹ̀, oòrùn kò ní fa omi tó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ kò sì ní tètè yọ sójú ilẹ̀. Bó bá jẹrà, sílíkọ́nì rẹ̀ á padà sínú ilẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe ìyàngbò kí ó tó dé oko

Ìyàngbò tútù kì í tètè jẹrà. Bí ẹ bá kó o tààrà sínú ebè, yóò máa bá ẹ̀fọ́ du oúnjẹ, ewé á sì pọ́n. Ọ̀nà méjì ló wà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ààtàn. Ẹ po ìyàngbò mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ máa bu omi sí i, ẹ máa yí i padà, ẹ fi ewé bò ó. Ó gba oṣù mélòó kan. Nígbà tó bá ti dúdú, tí kò gbóná mọ́, ó ti ṣe é lò.

Ọ̀nà kejì yára. Ẹ wá agolo ńlá kan, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ fi páìpù irin lé e lórí kí èéfín lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ dá iná kékeré sábẹ́ agolo náà, kí ẹ sì kó ìyàngbò yí i ká. Ìyàngbò á máa dúdú díẹ̀díẹ̀ láti inú wá sí ìta. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúdú bí èédú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ da omi sí i títí iná yóò fi kú pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí ó jó di funfun. Bí iná bá pọ̀ jù, sílíkọ́nì á tún le padà bí yanrìn, gbòǹgbò kò sì ní rí i mu dáadáa. Dúdú ni kí ó wà.

Ọ̀rọ̀ ìlera wà níbí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fò ó. Iná inú ìyàngbò máa ń fara pamọ́. Òkè òkìtì á rí bí eérú tútù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣì pọ́n bí ẹ̀yìn iná. Ọmọdé tó bá gun un yóò rì sínú rẹ̀ títí dé orúnkún, ẹsẹ̀ yóò sì jó. Ẹ ṣe ọgbà yí ibi tí ẹ ti ń sun ún ká, kí àgbà kan sì dúró tì í títí yóò fi tutù. Bí iná bá jó ọmọ, ẹ máa da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ má fi epo, ìyẹ̀pẹ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù kùn ún, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Eruku ìyàngbò àti eruku eérú rẹ̀ náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń ha ni lọ́wọ́ yóò ha ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú. Ẹ fi aṣọ di imú àti ẹnu, ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti ẹ̀yìn yín, ẹ bu omi sí eérú kí ẹ tó kó o. Kí aboyún àti ẹni tó ń wúkọ́ jìnnà síbẹ̀.

Ohun tí sílíkọ́nì kò lè ṣe

Sílíkọ́nì kì í kó iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Ó ń ran ọ̀gbìn lọ́wọ́ láti fara dà á ni. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ọ̀gbìn yóò kú tòun ti sílíkọ́nì lára.

Ẹ wo àwọn tó ń gbin ìrẹsì sí àbàtà etí òkun ní Guinea-Bissau, ní Gambia àti ní Sierra Leone. Omi òkun ń wọ oko wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń mọ ògiri amọ̀ láti dá òkun dúró, wọ́n á sì ní sùúrù kí òjò àkọ́kọ́ fọ iyọ̀ inú ilẹ̀ jáde, kí wọ́n tó lọ́ ìrẹsì. Ní Rokupr, ní Sierra Leone, ilé ìwádìí ìrẹsì ti wà láti 1934 tó ń ṣe ìwádìí lórí irú oko bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wọn ni pé omi dídùn ló ń lé iyọ̀ lọ.

Àwa náà, omi ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ la ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ ebè kí òjò lè fọ̀ ọ́. Ẹ má da ajílẹ̀ òyìnbó sí ìdí ọ̀gbìn gan-an: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín wọn, ẹ bò ó mọ́lẹ̀, ẹ sì bomi rin ín. Láti mọ irú omi kànga yín, ẹ bu ún sínú àwo dúdú kan, ẹ bu omi òjò sínú èkejì, ẹ gbé méjèèjì sínú oòrùn títí omi yóò fi gbẹ. Ẹ wo èyí tó fi funfun sílẹ̀ jù. Bí nǹkan funfun bá ń yọ lójú ebè yín lọ́dọọdún, ẹ pe òṣìṣẹ́ ATDA wá wò ó. Nítorí pé àìsàn ilẹ̀ mìíràn náà wà tó ń jẹ́ kí ewé pọ́n, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí kíláàsì dán an wò

Ẹ wá agolo 4 tó dọ́gba, ẹ lu ihò sí ìdí wọn. Ẹ kó ilẹ̀ oko kan náà sí agolo kìíní àti ìkejì. Sí ìkẹta àti ìkẹrin, ẹ po ilẹ̀ náà mọ́ ìyàngbò dúdú: ìwọ̀n ilẹ̀ 9, ìwọ̀n ìyàngbò 1. Ẹ gbin ìrẹsì márùn-ún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi omi dídùn rin gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi omi dídùn rin agolo kìíní àti ìkẹta. Fún ìkejì àti ìkẹrin, ẹ po ṣíbí tíì iyọ̀ kan mọ́ omi lítà 2, kí ẹ máa fi rin wọ́n. Iye omi kan náà ni kí gbogbo wọn máa mu. Kí ẹnìkan máa kọ ọ́ sínú ìwé ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ wo ni, ewé mélòó ló wà, mélòó ni etí rẹ̀ ti gbẹ, báwo ló ṣe ga tó. Bí ẹ bá parí, ẹ má da ilẹ̀ oníyọ̀ náà sínú oko ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò lórí ebè gidi, ẹ má fi iyọ̀ sí i rárá. Ẹ ya ebè méjì sọ́tọ̀ lẹ́bàá ara wọn, mítà 1 níbùú, mítà 5 ní gígùn. Ẹ fi ààtàn sí méjèèjì. Ẹ fi kìlò 5 ìyàngbò dúdú kún ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn. Ẹ wọn ìkórè ebè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí òǹgbẹ fi ń gbẹ ọ̀gbìn nínú ilẹ̀ oníyọ̀ tó tutù?

2. Kí ló dé tí yanrìn kò fi lè ṣe iṣẹ́ tí ìyàngbò dúdú ń ṣe?

3. Àpò ìrẹsì mélòó ni ẹ̀rọ tó sún mọ́ yín ń bó ní oṣù kan? Kìlò ìyàngbò mélòó ni yóò wà nínú rẹ̀?

4. Ta ló ni òkìtì ìyàngbò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ta ni yóò sì lọ bá a sọ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dá iná sun ún ní ọdún yìí?